Owó Ìtanràn Kì Í Paná

Ṣọ́ọ̀bù gáàsì kan wà ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ilé kẹta sí ojúlé tí à ń gbé. Màmá kan ló ni ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń ra gáàsì, torí pé kì í fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ. Bí owó rẹ ò bá sì pé, á ní kó o gbé sílíńdà rẹ lọ, kó o lọ dáná, kó o mú ìyókù wá lọ́la. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n wo ibi tí àwọn sílíńdà ńlá wà, wọ́n wo wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ lókè wọn, wọ́n wo jẹnẹrétọ̀ tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí wọn. Wọ́n bèèrè ẹ̀rọ apaná. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, gáàsì tán nílé wa. Ìrẹsì wà lórí iná, kò tíì jinná. A gbé sílíńdà, a gba ẹ̀yìnkùlé màmá wọlé, torí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ọjà wà báyìí. Ọmọkùnrin tó ń bá màmá ṣiṣẹ́ ló ń rọ gáàsì níbẹ̀, láàárín ògiri méjì, lábẹ́ fèrèsé yàrá kan tí ọmọ jòjòló ń sùn sí. A dúró títí ó fi rọ tiwa. A sanwó, a dúpẹ́, a lọ parí ìrẹsì wa.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ohun tí a ṣe. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń tẹ́ sí, á máa fà wọ inú gọ́tà àti abẹ́ ilẹ̀kùn, á máa wá iná kiri. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, títì wà, atẹ́gùn ń fẹ́. Ní ẹ̀yìnkùlé, ògiri ló yí i ká. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ewu, ewu náà ò sì kúrò, ó kàn ṣí lọ síbi tó tún burú sí i ni. Àwa aládùúgbò tí wọ́n torí wa tì í pa, àwa náà la gbé sílíńdà lọ bá a níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a rí màmá níwájú ilé, a kí i kú ìrọ́jú. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi rò ó. Ṣé wọn ò lè bu owó lé mi ni? Kí n san án, kí n ṣàtúnṣe, kí n sì máa tajà mi lọ. Wọ́n ní kí n lọ ra ẹ̀rọ apaná tuntun, wọ́n wá ti ibi tí n ó ti rówó rà á pa.” A ò rí èsì gidi fún un. A kàn ní, “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín jù, màmá. Á dáa.” Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Bí ènìyàn bá rú òfin tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ iná, ṣé owó ìtanràn ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí kí wọ́n dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró títí yóò fi ṣe ohun tó tọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti màmá lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ta ló ń jìyà? Ọmọkùnrin tó ń rọ gáàsì, owó ojoojúmọ́ ló ń gbà. Ọjọ́ tí wọn ò bá tajà, kò gba nǹkan kan. Ìyá olóúnjẹ tó wà ní ìkòríta, tó ń ra gáàsì láràárọ̀, á gbé sílíńdà gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn mìíràn á lọ bá ẹni tó ń ta á lábẹ́ àgbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n lè gbà. Ẹni kan ṣẹ̀, ogún ènìyàn ló ń sanwó rẹ̀. Owó ìtanràn ní tirẹ̀ mọ ojúlé ẹni tó ṣẹ̀. Ó sì ṣeé dín, ó ṣeé fi kún: ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, owó kékeré, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, owó ńlá. Títì pa kò mọ ìyẹn. Ilẹ̀kùn ò ní ìdajì. Ó ṣí ni tàbí ó tì.

Nàìjíríà náà ti ṣe irú èyí rí, lórí ọ̀rọ̀ tó tóbi ju ti gáàsì àdúgbò lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù bu owó ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé iléeṣẹ́ MTN, torí pé wọn ò já àwọn ìlà tí orúkọ wọn ò sí lákọsílẹ̀ bó ṣe yẹ kúrò lásìkò. ₦200,000 ni lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà náà sì lé ní mílíọ̀nù 5. Wọ́n dúnàá-dúrà títí, nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2016, ó já sí ₦330 bílíọ̀nù. Wọn ò gba ìwé àṣẹ MTN. Ṣé ẹ lè fojú inú wò ó ká ní wọ́n gbà á? Ká jí láàárọ̀ kí fóònù ìdajì ìlú má dún mọ́, kí oníṣòwò má rí oníbàárà pè, kí ọmọ má rí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ní abúlé? Níbi tí títì pa bá ti máa ṣe ìpalára tó ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ, owó ló bọ́gbọ́n mu. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọkàn wa ò balẹ̀ tó bá kan iná?

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ìtanràn. Etí wa ń gbọ́ “ọ̀ràn” nínú rẹ̀, ó sì ń gbọ́ “tán”. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bá a ṣe ń lò ó nìyẹn. Ẹni tó bá ti san án, tó gba rìsíìtì, ọ̀ràn rẹ̀ tán. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Bí ìjọba bá gba ₦100,000 lọ́wọ́ màmá lówùúrọ̀, tí wáyà ṣì ń rọ̀ lókè sílíńdà lọ́sàn-án, ọ̀ràn ti tán nínú ìwé. Lábẹ́ wáyà ńkọ́?

Ìwádìí kan wà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini ló ṣe é ní ìlú Haifa ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2000. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò. Àwọn òbí kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá kó ọmọ wọn nírọ̀lẹ́, àwọn tíṣà á sì jókòó máa retí wọn. Wọ́n wá ní kí òbí tó bá pẹ́ jù máa san owó díẹ̀, ṣékélì mẹ́wàá, ní mẹ́fà nínú àwọn ilé náà. Ẹ ò bá rò pé pípẹ́ á dínkù. Ńṣe ló pọ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n sì fagi lé owó náà, àwọn òbí ò padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kó tó di pé owó dé, ojú ló ń ti ẹni tó bá pẹ́. Lẹ́yìn tí owó dé, pípẹ́ di ọjà tí wọ́n ń tà, òbí tó bá fẹ́ á ra á, kò sì sí ìdí tí ojú fi ní láti ti ẹni tó ra ọjà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá nípa owó ìtanràn lórí ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Olówó tó ní ilé gáàsì mẹ́rin á kọ ọ́ sínú ìṣirò ọdún rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dísù àti owó òṣìṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tuntun bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, tí ìtanràn sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò mọ èyí tí á mú. Kò tún kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Á ní, “Ṣebí mo ń san án.” Òótọ́ ló sì ń sọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìdí ni pé ọba ní ẹni tí yóò bá a kọ́ ọ. Owó ìtanràn kan náà tí yóò fọ́ ṣọ́ọ̀bù màmá yìí yángá kò ní ju owó ounjẹ ọ̀sán lọ lójú ẹlòmíràn. Àwọn ìlú kan ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní Finland, iye tí ènìyàn ń gbà wọlé ni wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn eré àsápajúdé. Ní ọdún 2023, olówó kan tó ń jẹ́ Anders Wiklöf san 121,000 yúrò nítorí pé ó sáré jù lójú títì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ mọ iye tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní tiwa níhìn-ín, nínú ọjà Ìkòtún, ta ló mọ iye tó ń wọlé fún ta? Bó bá sì tilẹ̀ ṣeé ṣe, á jẹ́ kí ìyà náà dọ́gba láàárín olówó àti tálákà tó ṣẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan nípa ẹni kẹta, ìyẹn ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹni kẹta yẹn la jẹ́, àwa ará Alímọ̀ṣọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, a lé ní mílíọ̀nù 1.2, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí iye rẹ̀ tó tiwa. Ilé fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù fara ti ilé ìwé, ilé epo fara ti ṣọ́ọ̀ṣì. A ti mọ iná. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, páìpù epo tí wọ́n ti lu gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ènìyàn tó kú lé ní 200. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà gbá páìpù epo ní Ìjẹ́gun, iná sọ, ilé ìwé sì wà nítòsí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ilé gáàsì kan tó wà láàárín ilé gbígbé bú gbàmù ní Bárúwà, ní ọ̀nà Ìpájà. Ẹ̀mí lọ, ilé jó, àwọn tó kù sì sá jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lára.

A ò fi èyí dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni irú ẹni tí iná pa. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Bárúwà ní ìdájí yẹn ò bá ẹnikẹ́ni dá òwò gáàsì pọ̀. Wọn ò jẹ nínú èrè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí ewu máa sùn tì wọ́n. Ká ní ẹnì kan ń san owó ìtanràn nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀, àpò ìjọba ni owó náà ì bá máa wọ̀. Ẹni tó ń gba owó kì í ṣe ẹni tó ń gbé ẹrù. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá dúnàá-dúrà lórí ẹ̀yìn ẹni kẹta, tí wọ́n sì pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn, a mọ ohun tí à ń pe ìyẹn nínú èdè wa.

Ìtàn kan wà láti New York tí kò yẹ ká gbàgbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná mú iléeṣẹ́ aṣọ Triangle. 146 òṣìṣẹ́ ló kú, ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì, wọn ò rí ibẹ̀ gbà jáde. Wọ́n gbé àwọn olówó iléeṣẹ́ náà méjèèjì, Max Blanck àti Isaac Harris, lọ sí kóòtù. Ìgbìmọ̀ ní wọn ò jẹ̀bi. Nígbà tó di ọdún 1913, wọ́n tún mú Blanck ní iléeṣẹ́ mìíràn: ó tún ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lákòókò iṣẹ́. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé e jẹ́ 20 dọ́là. Ogún dọ́là péré, lẹ́yìn 146 òkú. Ọkùnrin náà san án, ọ̀ràn sì tán.

Ká má wulẹ̀ máa wo New York. Ẹ wo ojú fèrèsé tiwa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìkòtún, ní Ìgándò. Irin ló kún ibẹ̀ nítorí olè. Ẹ wo àwọn ilé ìtajà alájà mẹ́ta tí ẹnu ọ̀nà wọn jẹ́ ẹyọ kan, tí gẹ́ètì kejì wà ní àgádágodo, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ sílé. Blanck náà, olè ló ní òun ń sá fún.

Níbi tí a wá dé nínú ìrònú wa, ó dà bíi pé ìṣòro náà wá láti inú ohun tí a rò pé ìwé àṣẹ jẹ́. Bí ìwé àṣẹ bá jẹ́ dúkìá màmá, bí ilé tàbí ọkọ̀, gbígbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ìjìyà, àti pé ìjìyà ńlá ni. Ó yẹ ká wá èyí tó rọrùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í ṣe dúkìá. Ọ̀rọ̀ tí àwa aládùúgbò gbé ẹnu ìjọba sọ ni: “A gbà kó o ta nǹkan tó lè gbiná láàárín wa, níwọ̀n ìgbà tó o bá ń ṣe báyìí báyìí.” Bí báyìí báyìí ò bá sí mọ́, ìgbà náà ti dópin fúnra rẹ̀. Ẹni tó dá ìwé náà dúró ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni.

Torí náà, iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Owó ìtanràn ń sọ̀rọ̀ nípa àná: o ṣe ohun tí kò dáa, gba ìyà rẹ. Dídá ìwé àṣẹ dúró ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la: ohun tó wà níbí lè pa ènìyàn, má ṣí i títí yóò fi kúrò. Bí àná ló ń dùn wá, owó lè tó o. Bí ọ̀la ló ń bà wá lẹ́rù, kò sí iye owó tó lè dáhùn rẹ̀, torí iná ò mọ̀ bóyá wọ́n ti sanwó.

Nínú iṣẹ́ tiwa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ètò kọ̀ǹpútà la ń kọ. Bí a bá kọ ọ́ tán, ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń sọ oríṣi ọ̀rọ̀ méjì. Ìkìlọ̀ ni ọ̀kan: mo rí nǹkan tí kò dáa, àmọ́ mo gbà kó ṣiṣẹ́. Àṣìṣe ni èkejì: kò ní ṣiṣẹ́ rárá títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìkìlọ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 3, kó tó di 300, ẹnikẹ́ni ò sì ní kà á mọ́. Àmọ́ a tún mọ òdìkejì rẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ní kí gbogbo ìkìlọ̀ di àṣìṣe, tó fi jẹ́ pé ohun kékeré á máa dá gbogbo iṣẹ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ á wá ọ̀nà tí wọ́n á fi di ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé ni.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ká padà sí, torí a ò fẹ́ kí ẹ rò pé a ti dá ìjọba láre. Ìwé pupa tí wọ́n lẹ mọ́ ilẹ̀kùn màmá ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn ní wọ́n ti ibẹ̀ pa. Àwa aládùúgbò ò mọ̀ bóyá gáàsì ló ń jò, bóyá owó ìwé àṣẹ ni kò san, bóyá ẹnì kan ló ń bínú sí i. Lójú wa, ó dà bí ìgbà tí wọ́n dá oníṣòwò lóró lásán, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn fún wa láti gba ẹ̀yìn wọlé láìsí ìtìjú. Wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀. Títì tí kò ní ọjọ́ ìṣí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ààbò. Ó ti di ìjìyà. Gbogbo wa sì mọ ohun tí ìyẹn máa ń bí ní Èkó. Bí ojoojúmọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì bá ń pa ẹni tó ni ín lára, owó tí yóò fi bẹ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á máa ga sí i lójoojúmọ́.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: ẹ ẹ̀ rí i? Owó ìtanràn tó ní rìsíìtì dáa ju àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní lọ. A gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀. Rìsíìtì ń bá àpò ìjọba sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn títì ń bá àdúgbò sọ̀rọ̀. Bí a bá rí ilé gáàsì tó ṣí sílẹ̀, ó yẹ ká lè gbà pé ewu tó wà níbẹ̀ ò ju èyí tó yẹ lọ. Bí wọ́n bá sọ pé owó lè rọ́pò títì, ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn ṣíṣí ń sọ fún wa á dàrú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún nǹkan ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn sanwó ni. Ìyá tó ń gbé ọmọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀.

Bí a bá ní ká bá màmá dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lónìí, ohun tí a máa sọ nìyí. Bó bá jẹ́ pé ìwé ni kò tètè sọ dọ̀tun, kí wọ́n bu owó lé e, kó sì máa tajà lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wọ̀n de ilẹ̀kùn nítorí ìwé. Bó bá jẹ́ ohun tó ní àtúnṣe, tí kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lónìí, bíi pátákó ìkìlọ̀ tó wó tàbí garawa iyanrìn tí kò sí, kí wọ́n fún un ní ọjọ́, kí ìtanràn máa gorí ara rẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí wọ́n sì gbà kó fi owó náà ra ohun tó ń ṣaláìní, torí apaná tó wà nílẹ̀ wúlò fún wa ju owó tó wà ní báńkì ìjọba lọ. Àmọ́ bí gáàsì bá ń jò, tí wáyà bá ń rọ̀ lókè sílíńdà, tí ẹnu ọ̀nà àsálà bá wà ní àgádágodo, kí wọ́n tì í pa lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí iye tí olówó lè san láti fi ra ọjọ́ kan péré sí i. Kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹ̀ gàdàgbà sójú ilẹ̀kùn, lédè tí a gbọ́. Bó bá sì ti tún un ṣe tó sì pè wọ́n, kí wọ́n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ méjì. Ìjọba tó lè yára tì í gbọ́dọ̀ lè yára ṣí i.

Àwa náà ńkọ́? Ó rọrùn láti kọ èyí tí ìjọba máa ṣe. Ohun tó le fún wa láti kọ ni pé a mọ̀ pé wọ́n ti ibẹ̀ pa, a sì gbé sílíńdà lọ. Kò sẹ́ni tó bu owó ìtanràn lé wa. Ká ní wọ́n bù ú, a ò bá ti san án, ká sì sọ pé ìrẹsì wa ló mú un wá. Ọmọ jòjòló tó ń sùn lókè orí wa ò sí nínú ìṣirò wa lọ́jọ́ yẹn. A ò tilẹ̀ gbójú sókè wo fèrèsé náà títí a fi ń jáde.

Màmá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó wà ní ìhà kejì ilé báyìí. Apaná tuntun méjì wà lára ògiri, pupa fòò. Ẹnì kan ti bá a gbé wáyà yẹn kúrò. A ò bi í léèrè iye tó ná an, a ò sì bi í ta ni gbogbo rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí a lọ ra gáàsì, a sọ fún un pé a ti ń ro ìbéèrè rẹ̀ látìgbà yẹn, pé a rò pé kò yẹ kí wọ́n gba owó lórí ọ̀rọ̀ wáyà yẹn, pé títì ló yẹ kí wọ́n tì í. A rò pé á bínú.

Ó gbé sílíńdà wa lé síkéèlì, ó wò wá lójú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí mo ń tà á lẹ́yìn, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wá rà á?”

A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Àwa náà ni.”